Bí Ọdẹ́rìndé Ṣe Ru Orin Àwẹ̀ró Lọ sí Ìlú Létòlétò

Ẹ jókòó dáadáa. Ẹni tí ikọ́ bá ń yọ lẹ́nu, kó wú u tán báyìí, torí bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, n kò ní í dúró de ẹnikẹ́ni. Jìmọ̀ Télọ̀, gbé àpótí ìjókòó rẹ sún mọ́ iwájú. Ìwọ ni mo fẹ́ kó gbọ́ jù, nítorí ìwọ ni ẹnu rẹ kì í dákẹ́ nílùú yìí, ohun tí o bá sì gbọ́, gbogbo ilé ló gbọ́ ọ.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Ọdẹ́rìndé ọmọ Ọdẹ́jọbí, ọdẹ tó wọ igbó mẹ́tàdínlógún tó sì jáde nínú gbogbo wọn pẹ̀lú fìlà rẹ̀ lórí. Mo ti bá ẹfọ̀n wo ojú ara wa títí ẹfọ̀n fi gbójú kúrò. Mo ti sùn lórí igi kan náà pẹ̀lú ẹkùn, èmi lókè, òun nísàlẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a wo ara wa, oníkálukú bá tirẹ̀ lọ. Jìmọ̀, mo rí ẹ̀rín tó ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ. Gbé e mì. Ìrìn-àjò tí mo fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe ti ẹran. Orin ni mo rù lọ, orin ìyàwó mi Àwẹ̀ró. Òun náà ló wà nínú yàrá lẹ́yìn ìlẹ̀kùn yìí, ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí mò ń sọ, ó sì ti di ọjọ́ mẹ́sàn-án tí kò ti bá mi sọ̀rọ̀.

Láti ìgbà tí mo ti gbé Àwẹ̀ró níyàwó ló ti ń kó orin jọ. Àwo orin ló fi bẹ̀rẹ̀, àwọn dúdú ńlá tó máa ń yí lórí giramafóònù. Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì dé, ó kó kásẹ́ẹ̀tì. Ó tún ní ẹ̀rọ kan tó fi ń gba ohùn sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó máa ń gbé e lọ síbi ìkómọ àti ìgbéyàwó, ó tilẹ̀ máa ń gbé e sí ẹ̀bá ìkòkò níbi tí àwọn obìnrin ilé ti ń sẹ́ ògì tí wọ́n ń kọrin. Ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá ni gbogbo rẹ̀, ó kún àpótí onígi mẹ́rin. Lọ́jọ́ Sátidé ló máa ń kó wọn jáde, á fi aṣọ nù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ sì mọ àṣà ìyàwó ilé. Ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ, orúkọ tó bá wù ú ló máa ń sọ wọ́n. Àbúrò mi tó tẹ́ẹ́rẹ́ ló pè ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, èyí tó mọ̀wé díẹ̀ ló pè ní Akọ́wé, àbúrò mi obìnrin ló pè ní Ìdílẹ̀kẹ̀. Àṣà yẹn náà ni Àwẹ̀ró gbé dé ọ̀dọ̀ orin. Ó ní àwọn olórin wọ̀nyí ti ń kọrin kí wọ́n tó mú òun wá sílé ọkọ, pé àgbà ni wọ́n, òun kò lè máa la orúkọ mọ́ wọn lórí. Ọjọ́ tí orin bá bá wa nílé ló fi ń sọ ọ́ lórúkọ. Á fi bíírò kọ ọ́ sórí ìwé pélébé, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Bí ẹ bá ṣí àpótí náà, ohun tí ẹ máa kà nìyí: Ìgbéyàwó Ìdílẹ̀kẹ̀. Òjò Tó Ká Wa Mọ́ Ilé Akọ́wé. Mosún Hu Eyín. Iyọ̀ Pọ̀ Nínú Ọbẹ̀ Lónìí. Mosún ni ọmọ wa obìnrin, ẹ̀yin tí ẹ kò bá a nílé. Èmi náà wà níbẹ̀ dáadáa. Òbúkọ Lé Ọkọ Mi Wọlé, èmi ni wọ́n ń bá wí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Òbúkọ náà tóbi.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni ojú Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. A gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n ṣe é títí, kò gbọ́. Nígbà tí òjò ọdún yẹn fi parí, kò rí ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́. Ó di pé kó na ọwọ́ sínú àpótí, kó mú ọ̀kan, kó ní, “Bàbá Mosún, ẹ bá mi kà á, èwo nìyí?” Màá kà á fún un, á fi í sínú ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n àwọn kásẹ́ẹ̀tì ti hu èbu, ẹ̀rọ náà sì ti di arúgbó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ okùn orin. Nígbà tó jẹ mẹ́ta tẹ̀ léra wọn, Àwẹ̀ró pa ìdérí àpótí dé, kò ṣí i mọ́. Ilé dákẹ́. Obìnrin tó máa ń bá ìgbálẹ̀ kọrin ló jókòó ti ògiri láti àárọ̀ dalẹ́, tí a bá kí i, á jẹ́ wa, ìyẹn ni gbogbo rẹ̀. Ó dùn mí gan-an. Èmi tí mo ń wá ọ̀nà láti fi ẹran ńlá mú inú rẹ̀ dùn, kò tilẹ̀ bèèrè irú ẹran tó jẹ́.

Ọdẹ kan tí a jọ máa ń pàdé lójú ọ̀nà, Ọdẹ́yẹmí, ló sọ fún mi pé ìlú kan wà lẹ́yìn àwọn igbó tí èèyàn kì í rìn, Létòlétò lorúkọ rẹ̀. Ó ní wọ́n ń yọ orin kúrò nínú ohun àtijọ́ níbẹ̀, wọ́n ń kó gbogbo rẹ̀ sínú ohun kékeré kan tí kò ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ. Ẹni tó ni ín kò nílò láti kà á, kò nílò láti wá a. Á kàn pe orúkọ orin, orin á jẹ́ ẹ. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo gbé àpótí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ka orí ara wọn, mo gbé wọn rù, mo sọ fún Àwẹ̀ró pé màá gbé ohùn rẹ̀ bọ̀. Ó ní, “Ẹ rọra lọ, ẹ má jẹ́ kí omi kàn wọ́n.”

N kò ní í sọ bí mo ṣe rìn fún yín. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn.

Igbó tí mo kọ́kọ́ wọ̀ ni wọ́n ń pè ní Igbó Ohùn-Àná. Kò sí ẹyẹ níbẹ̀, kò sí kòkòrò. Ohùn ló kún orí igi. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí èèyàn ti sọ rí tí ẹnikẹ́ni kò dáhùn, ibẹ̀ ló ń wá bà sí, ó ń rọ̀ mọ́ ewé. Mo ń gbọ́ ọ lókè orí mi: “Ta ló wà nínú ilé?” “Ẹ bá mi gbé e kalẹ̀, ó wúwo.” “Ṣé o ti jẹun?” Nígbà tí wọ́n rí ohun tí mo rù, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ bò mí, wọ́n ń fi èékánná ha àpótí, wọ́n ń bẹ̀ mí kí n jẹ́ kí àwọn wọ inú kásẹ́ẹ̀tì, kí ẹnìkan lè gbọ́ àwọn. Mo yọ àdá. Kí ni àdá fẹ́ fi ohùn ṣe? Mo gé afẹ́fẹ́ títí apá fi ro mí. Nígbà náà ni mo gbọ́ ohùn ìyá arúgbó kan létí mi, ó ní, “Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi.” Àwọn yòókù sọ fún mi pé ọdún méjìlá ló ti fi ń kí wọn. Àánú ṣe mí. Mo gbé àpótí kalẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, “Ẹ káàárọ̀, Màámi. Ṣé ẹ jí dáadáa?” Ohùn náà rẹ́rìn-ín, ó fò lọ, kò padà wá. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe jókòó sínú igbó yẹn títí di ọ̀sán, mò ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. “Mo ti jẹun, ẹ ṣeun.” “Èmi ni mo wà nínú ilé.” “Ó yá, gbé e wá, mo ti dì í mú.” Nígbà tí mo fi ṣe tán, igbó náà ti ṣófo, ewé rẹ̀ sì ti fúyẹ́ lórí igi. Ọdẹ wo ló tún ṣe irú rẹ̀ rí? Ẹ sọ orúkọ rẹ̀ kí n gbọ́.

Lẹ́yìn igbó yẹn ni mo kan irà, nínú irà náà ni baba arúgbó kan jókòó sí, ara rẹ̀ funfun báláú, ó ń rùn bí aṣọ tí wọ́n ká pamọ́ láìgbẹ. Ó ní Èbu lorúkọ òun. Ó ní kò sí ẹrù tó ń gba irà òun kọjá tí òun kì í bi olúwa rẹ̀ ní ìbéèrè kan. Mo ní kó bi mí. Ó ní, “Kí ni ohun náà tí olówó rẹ̀ fẹ́ràn jù, tó jẹ́ pé bó ṣe ń fi í pamọ́ ló ń di tèmi?”

Mo rò ó díẹ̀. Mo ní, “Orin tí wọ́n tì mọ́nú àpótí ni.”

Ó pàtẹ́wọ́. Ó ní, “O gbà á. O ti fi ẹnu ara rẹ sọ pé tèmi ni. Gbé e kalẹ̀.”

Ẹ rí irú ẹjọ́. Bí mo bá mọ̀ ọ́n, mo jẹ̀bi. Bí n kò bá mọ̀ ọ́n, mo jẹ̀bi. Inú bí mi, mo fẹ́ bẹ́ lù ú, ṣùgbọ́n èèyàn tó bá fọwọ́ kàn án, èbu ni yóò hù lára rẹ̀. Mo wo òkè, oòrùn wà láàárín orí. Mo wo ẹ̀gbẹ́ irà, àpáta kan wà níbẹ̀ tó tẹ́jú, tó gbóná tó ń yọ èéfín. Mo mi orí. Mo ní, “Bàbá, ó ti di tiyín. Ṣùgbọ́n ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá ni, ẹ má jẹ́ kí n rẹ́ yín jẹ. Ẹ bá mi tẹ́ wọn sórí àpáta yìí, kí ẹ kà wọ́n kí n tó lọ.” Ojúkòkòrò mú un. Ó ń gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ́ wọn, ó ń kà. Nígbà tó ka àádọ́ta, orúnkún rẹ̀ ti rọ. Nígbà tó ka ọgọ́rùn-ún, ó ti kúrú tó àgbẹ̀bọ̀ adìẹ. Kò dé igba kó tó di lẹ́búlẹ́bú, afẹ́fẹ́ gbé e lọ. Mo jẹ́ kí oòrùn náà fọwọ́ kan àwọn yòókù, mo kó wọn padà sínú àpótí kí wọ́n tó gbóná jù.

Èyí tó kàn nìyí, òun ló kó bá mi. Ní ẹnu afárá tó wọ Ìlú Létòlétò ni iwin kan dúró sí, ojú méje ló ní, ẹnu kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ẹnu náà gba gbogbo àyà. Kàwékàwé ni wọ́n ń pè é. Kì í bá èèyàn jà, kì í gba nǹkan lọ́wọ́ èèyàn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ka gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ sára ẹrù, kó kà á sókè, kí gbogbo iwin tó wà lórí igi lè gbọ́. Ó ṣí àpótí. Ó bẹ̀rẹ̀.

“Iyọ̀ Pọ̀ Nínú Ọbẹ̀ Lónìí!” Àwọn iwin rẹ́rìn-ín. “Ọkọ Mi Ní Òun Kò Sùn, Ó Ń Hanrun!” Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. “Òbúkọ Lé Ọkọ Mi Wọlé!” Ẹ̀yin ará, iwin jábọ́ láti orí igi. Wọ́n ń gbá ìdí mọ́lẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ń bi èkejì pé ṣé ọdẹ tó wà níwájú yìí ni ọkọ náà. Ọ̀kan ń sá kiri, ó ń ṣe bí èmi, òmíràn ń lé e, ó ń ké bí òbúkọ.

Mo fara dà á títí ó fi kà á tán, mo kọjá lórí afárá. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé òdìkejì, tí mo rí ẹnubodè ìlú níwájú mi, mo rò ó pé wọ́n tún máa kà á níbẹ̀. Èmi Ọdẹ́rìndé. Mo jókòó lẹ́yìn igi kan, mo ya gbogbo ìwé pélébé tí Àwẹ̀ró fọwọ́ ara rẹ̀ lẹ̀, ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá, mo dà wọ́n sínú odò. Omi gbé wọn lọ. Mo dìde, mo gbọn aṣọ mi, mo wọ ìlú bí ọkùnrin.

Mo ti rí ìlú, n kò rí irú Létòlétò rí. Gbogbo ilé ibẹ̀ ló tò bí lẹ́tà ṣe tò nínú ìwé àkọ́kà. Adégún ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Adéjọ, Adéjọ ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Adémú, bẹ́ẹ̀ ni títí lọ dé ìparí ìlú. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Yísá fẹ́ràn obìnrin kan tó ń jẹ́ Àbáyọ̀mí, ó sì gba ìrìn ọjọ́ kan gbáko kí wọ́n tó lè kí ara wọn. Adìẹ ibẹ̀ ń jẹun kí ewúrẹ́ tó jẹun, ewúrẹ́ ń jẹun kí pẹ́pẹ́yẹ tó jẹun, kò sí èyí tó ń jà. Wọ́n bi mí léèrè orúkọ mi kí wọ́n tó mọ ibi tí màá fìdí lé.

Obìnrin àgbà kan ló ń ṣe iṣẹ́ orin níbẹ̀, Ìyá Atòrin. Etí rẹ̀ méjèèjì fẹ̀ bí ewé kókò. Ó kí mi kú ìrìn, ó fún mi lómi, ó sì sọ fún mi pé iṣẹ́ náà kò ní àbùjá. Orin tó bá gba ìṣẹ́jú mẹ́rin, ìṣẹ́jú mẹ́rin la ó fi jókòó gbọ́ ọ kó tó lè kọjá sínú ilé rẹ̀ tuntun. Ó fi omi àti aṣọ rírọ̀ nu ojú àwo orin. Kásẹ́ẹ̀tì tí okùn rẹ̀ tú, ó ki bíírò bọ ihò rẹ̀, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀ títí okùn fi wọlé. Èyí tó já, ó lẹ̀ ẹ́. Orin tó bá wà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á jẹ́ kí n gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí n tó mú èyí tó mọ́ jù. Ọjọ́ mọ́kànlélógójì ni mo fi jókòó tì í. Mo gbọ́ Ìdílẹ̀kẹ̀, àbúrò mi tó ti kú láti ọdún mẹ́wàá, tó ń lé orin níbi tí wọ́n ti ń sẹ́ ògì, tó dá orin dúró láàárín, tó ní, “Ta ló gbé asẹ́ mi?”, tó tún padà sínú orin. Omi bọ́ lójú mi. Mo sọ fún Ìyá Atòrin pé èéfín ni. Kò sí iná kankan nínú ilé náà.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ wọlé tán, ó ṣe é sọ́nà mẹ́ta. Ọ̀kan fún ilé wa, ọ̀kan fún Mosún nílé ọkọ rẹ̀, ọ̀kan ni òun fúnra òun yóò fi pamọ́ sójú sánmà, pé bí iná bá jó ilé kan, orin kò ní í bá a lọ. Ó wá mú bíírò. Ó ní ó ku orúkọ. Ó bèèrè ìwé tó wà lára wọn. Mo ní afẹ́fẹ́ ló gbé e.

Ó wò mí títí. Ó ní, “Ọdẹ, kì í ṣe orúkọ tí olórin sọ ọ́ ni mò ń bèèrè. Orúkọ tí ẹnu ẹni tó ni ín yóò máa pè é ni. Bí kò bá pe orúkọ náà, orin kò ní í jẹ́ ẹ. Báwo ni ó ṣe ń pè wọ́n?”

Mo lè sọ fún un. Mo mọ gbogbo wọn sórí. Ẹni tó bá ti ń kà wọ́n sókè fún ìyàwó rẹ̀ á mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín àwọn iwin ṣì wà létí mi, àwọn ará ìlú sì ti jókòó yí wa ká, wọ́n fẹ́ gbọ́. Mo wú àyà. Mo ní kó kọ èyí sílẹ̀: Ọdẹ́rìndé Pa Ẹfọ̀n Méje. Mo ní kó kọ èkejì: Ẹkùn Gbọ́ Orúkọ Ọdẹ́rìndé, Ó Sá. Ìgbéyàwó Ìdílẹ̀kẹ̀ di Ọdẹ́rìndé Wọ Dàńṣíkí Pupa. Mosún Hu Eyín di Ọwọ́ Ọdẹ́rìndé Kì Í Tàsé. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wí títí ó fi pé. Àwọn ará ìlú ń pàtẹ́wọ́, ara mi yá gágá.

Ìyá Atòrin kọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tó parí, ó ní, “Mo ti kọ ohun tí o wí. Orúkọ tó bá jẹ́ irọ́ nínú rẹ̀, èmi gan-an kò lè pa á rẹ́ mọ́. Ẹni tó sọ ọ́ ni yóò dúró níwájú èèyàn mẹ́wàá tó mọ̀ ọ́n, yóò ro ọjọ́ náà bó ṣe rí gan-an, yóò wá pe orúkọ tòótọ́. Ìgbà náà ni orin yóò jẹ́.” Mo ní kò sí irọ́ níbẹ̀. Mo dúpẹ́, mo bọ́ sọ́nà.

Mo délé lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Àwẹ̀ró gbọ́ ẹsẹ̀ mi láti ojúde. Ó ní, “Bàbá Mosún, ẹ̀yin nìyẹn? Ẹ ti gbẹ.” Báwo ló ṣe mọ̀ pé mo gbẹ, n kò bèèrè. Mo fi ohun kékeré náà sí i lọ́wọ́. Mo ní, “Pe èyí tó bá wù ọ́.” Ó fi àtàǹpàkò ra á, ó rẹ́rìn-ín. Mo ti ń dúró de ẹ̀rín náà láti ọdún mẹ́ta.

Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, “Ọkọ Mi Kúnlẹ̀ ní Gáréèjì.”

Kò sí nǹkan kan. Ó tún un pè. Ó pe Mosún Hu Eyín. Ó pe Ìgbéyàwó Ìdílẹ̀kẹ̀. Ó ń pè wọ́n bí ẹni ń pe adìẹ tí kò wálé, ohùn rẹ̀ ń kéré sí i. Ó ní, “Ṣé wọn ò sí nínú rẹ̀ ni?” Mo ní wọ́n wà níbẹ̀. Ó ní, “Kí lẹ wá sọ wọ́n?” Mo ní, “Gbogbo Ayé Ń Kúnlẹ̀ fún Ọdẹ́rìndé.” Orin rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó mọ́ gaara, gbogbo ìró eruku tó wà lára rẹ̀ ti lọ. Àwẹ̀ró gbọ́ ọ dé ibi tí olórin ti mí, ó ní kí n pa á.

Ó ní, “Bàbá Mosún, nínú orin ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá, ẹ ò rí ibì kan fi mí sí.”

Ó dìde, ó fọwọ́ tọ ògiri wọlé. Ó di ọjọ́ mẹ́sàn-án lónìí. Mo ti pa ìgalà fún un, mo ti ra ẹja yíyan. Mo ní kó jẹ́ ká jọ máa pè wọ́n ní orúkọ tí mo sọ wọ́n, pé yóò mọ́ ọn lẹ́nu. Ìyẹn ló tún bà á jẹ́ jù. Ní àná, mo gbọ́ ọ tó ń pe Ìdílẹ̀kẹ̀ sínú nǹkan náà nínú yàrá, jẹ́jẹ́, bóyá yóò jẹ́.

Ìdí tí mo fi pè yín nìyí. Mo ti kà yín, ẹ lé ní mẹ́wàá, gbogbo yín lẹ sì mọ̀ mí. Orin mẹ́wàá mẹ́wàá la ó máa ṣe lójoojúmọ́ títí yóò fi tán. Òbúkọ wà nínú ti ọ̀la, Jìmọ̀, má wulẹ̀ bèèrè. Ti gáréèjì la ó fi bẹ̀rẹ̀ tòní, torí òun ni Àwẹ̀ró kọ́kọ́ pè.

Ọdún kẹrin tí mo gbé Àwẹ̀ró níyàwó ni. Baálẹ̀ abúlé kan wá kí mi, àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ mi wà níjòókòó. Baálẹ̀ yin giramafóònù tó ń kọrin nínú ilé, mo ní kó máa gbé e lọ, mo fi ta á lọ́rẹ. Giramafóònù Àwẹ̀ró ni. Ọdún méjì ló fi hun ẹní kó tó rà á. N kò bi í. Mo fẹ́ kí wọ́n máa sọ lọ́nà pé Ọdẹ́rìndé lawọ́. Nígbà tó dé tó bèèrè, mo ní kí ni obìnrin fẹ́ fi orin ṣe. Kò bá mi jà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó di ẹrù rẹ̀, ó pọn Mosún, ó lọ sí gáréèjì.

Mo sọ fún àwọn bàbá yín pé mo lọ pàṣẹ fún un, ó sì tẹ̀ lé mi wálé. Irọ́ ni. Òótọ́ ni pé mo ti to ọ̀rọ̀ líle sẹ́nu láti ilé. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo débẹ̀, tí mo rí i lórí bẹ́ǹṣì, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, ẹrù láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, tó gbójú sí ọ̀nà tí mọ́tò ń gbà bọ̀, mo gbé gbogbo ọ̀rọ̀ náà mì. Mo kúnlẹ̀. N kò yọ̀ ṣubú o, bí àwọn kan ṣe máa ń sọ láti gbè mí lẹ́yìn. Mo kúnlẹ̀ lójú àwọn awakọ̀ àti àwọn tó ń ta búrẹ́dì, mo di etí aṣọ rẹ̀ mú, mo sunkún títí ikun fi ń bọ́ nímú mi. Mo ní bó bá lọ, n kò mọ ohun tí mo fẹ́ máa bọ̀ wálé wá ṣe. Ẹnìkan ń ta àwo orin níbẹ̀, orin yìí ló gbé sórí ẹ̀rọ. Mọ́tò dé, wọ́n pe èrò, Àwẹ̀ró dìde. Ó kọjá lára mi, ó lọ bá ọlọ́jà náà, ó ra àwo tó ń kọ. Kò sọ pé òun dárí jì mí. Ó kàn ra àwo orin tí a kò ní ẹ̀rọ tí a ó fi gbọ́ ọ mọ́, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n gbé e lọ sílé.

Bó ṣe rí nìyẹn. N kò fi nǹkan kan kún un. Jìmọ̀, gbé nǹkan yẹn sún mọ́ ẹnu mi.

Ọkọ Mi Kúnlẹ̀ ní Gáréèjì.

Ẹ dákẹ́ ná. Ẹ gbọ́ ọ? Òun nìyẹn. Kí lò ń wò, Jìmọ̀? Bẹ́ẹ̀ ni, orúnkún mi ló wà nílẹ̀, n kò mọ ìgbà tí mo débẹ̀. Ẹ yà lọ́nà, ìlẹ̀kùn ń ṣí. Àwẹ̀ró, rọra, àtẹ̀gùn wà níwájú ẹsẹ̀ rẹ. Kí lo wí? Kí n dìde, pé orúnkún mi kì í ṣe ti ọjọ́ yẹn mọ́? Mo gbọ́. Jẹ́ kí orin parí ná.